Bí Danfó Bá Di Ọkọ̀ Ilé, Ìwé Rẹ̀ Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa

  

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan ọ̀pọ̀ nínú wa. Owó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun kò sí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Nítorí náà, ẹlòmíràn a ra danfó tàbí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí wọ́n ti fi ṣòwò rí. Yóò tún un ṣe, yóò máa gbé e lọ síbi iṣẹ́, yóò fi kó àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé, yóò sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé: ìwé wo ni ọkọ̀ náà fi ń rìn?

Ẹ jẹ́ kí á mọ èyí dájú: iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe ni ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá mu, kì í ṣe ìrísí rẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè jẹ́ takisí. Bọ́ọ̀sì sì lè jẹ́ ọkọ̀ ilé.

Èkíní ni nọ́ńbà àti láísẹ́ǹsì. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, nọ́ńbà tí a fi àwọ̀ búlúù kọ jẹ́ ti ọkọ̀ ara ẹni. Èyí tí a fi pupa kọ jẹ́ ti ọkọ̀ tó ń ṣòwò. Èyí tí a fi àwọ̀ ewé kọ jẹ́ ti ìjọba. Bí ẹ bá ra danfó tí ẹ sì fi nọ́ńbà pupa rẹ̀ sílẹ̀, owó ọkọ̀ òwò ni ẹ ó máa san, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìyàwó àti ọmọ nìkan ni ẹ ń gbé. Ní Èkó, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni ọkọ̀ òwò ń gba ìwé ẹ̀rí pé ó dára láti rìn, nígbà tí ti ọkọ̀ ara ẹni jẹ́ ọdọọdún. Wọn yóò sì tún béèrè ìwé àṣẹ akérò lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà.

Ẹ lọ fúnra yín sí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ yín. Ẹ mú rìsíìtì tí ẹ fi rà á, àwọn ìwé àtijọ́ àti nọ́ńbà pupa náà dání, kí ẹ sì ní kí wọ́n yí ọkọ̀ náà padà sí ti ara ẹni. Bí ẹ bá fi ọ̀dà mìíràn bo àwọ̀ yẹ́lò rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ àwọ̀ tuntun náà sínú ìwé.

Èkejì ni ìnṣọ́ránsì. Láti ọdún 1945 ni òfin ti wà nílẹ̀ wa pé kí onímọ́tò ní ìnṣọ́ránsì nítorí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ṣe léṣe. Àwọn òfin mìíràn ti tẹ̀ lé e, ti ọdún 2025 sì wà lára wọn. Láti 1 January 2023, NAICOM tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì gbé owó rẹ̀ sókè: ₦15,000 fún ọkọ̀ ara ẹni, ₦20,000 fún ọkọ̀ tí oníṣòwò fi ń kó ẹrù ara rẹ̀, ₦100,000 fún ọkọ̀ ńlá tó ń kó ẹrù fún ará ìta. Lórí ohun-ìní ẹlòmíràn tí ọkọ̀ bá bàjẹ́, ₦3,000,000 ni òpin ti ọkọ̀ ara ẹni, ₦5,000,000 sì ni ti ọkọ̀ ẹrù méjèèjì.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí àtúnṣe ọkọ̀ tí ẹ kọlù bá jẹ́ ₦4,000,000, ìwé ọkọ̀ ara ẹni dé orí mílíọ̀nù mẹ́ta. Mílíọ̀nù kan tó kù dọwọ́ yín. Ìwé olówó pọ́ọ́kú yìí kò sì ní tún ọkọ̀ tiyín ṣe rárá.

Ẹ ka ibi tí wọ́n ti kọ ohun tí a lè fi ọkọ̀ ṣe sínú ìwé náà. Ìwé ọkọ̀ ara ẹni kì í gba kí a fi ọkọ̀ gbé èrò gbowó. Ibẹ̀ ni pàkúté wà fún òṣìṣẹ́. Ọkọ̀ ti gba nọ́ńbà búlúù, ẹ sanwó ọkọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n bí epo ṣe wọ́n, ẹ dúró ní ibùdókọ̀ láàárọ̀, ẹ gbé ènìyàn mẹ́wàá, ẹ gba owó lọ́wọ́ wọn. Kabúkabú nìyẹn. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lè sọ pé ìwé yín kò bá iṣẹ́ náà mu. Owó ìfẹ̀yìntì tí ẹ fi ogún ọdún ṣiṣẹ́ fún lè bá ẹjọ́ kan ṣoṣo lọ. Bí ẹ óò bá máa gbé èrò gbowó, ì báà ṣe ọjọ́ Sátidé nìkan, ẹ fi nọ́ńbà pupa sílẹ̀, kí ẹ sì san owó tó bá a mu. A kì í jẹ méjì lábà Àlàdé.

Ẹ̀kẹta, nígbà tí nọ́ńbà bá yí padà, ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lọ́jọ́ náà gan-an. Ìwé tó ní nọ́ńbà àtijọ́ lè dá ìjà sílẹ̀. Ẹ má ra ìwé lọ́wọ́ àwọn tó ń dúró lẹ́nu géètì. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní NIID. A lè fi nọ́ńbà ọkọ̀ wò ó níbẹ̀ bóyá ìwé ẹni jẹ́ ojúlówó. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Mo dá a lábàá pé kí ẹ̀ka wa yan ènìyàn méjì tí yóò máa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yẹ ìwé ọkọ̀ wò kí wọ́n tó sanwó. Ẹni tí kò lè ka gẹ̀ẹ́sì kékeré inú ìwé náà kò yẹ kó dá nìkan bọ́ sọ́wọ́ ayédèrú. Ohun tí ẹgbẹ́ wà fún nìyẹn.