Itan Àgbà àti Oúnjẹ Àgbà
Bí ẹni tó ti lé ní 50 ọdún bá ń sanra, ọjọ́ orí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń di ẹ̀bi rù. Wọ́n á ní ara àgbà kì í lo oúnjẹ bí ara ọ̀dọ́. Ìwádìí tí Herman Pontzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2021, lórí àwọn ènìyàn tó lé ní 6,400 láti orílẹ̀-èdè 29, tú ọjọ́ orí sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn yẹn. Bí wọ́n bá ti ṣírò bí ara oníkálukú ṣe tóbi tó mọ́ ọn, agbára tí ara ń lò lójúmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti 20 ọdún títí di 60. Ẹ̀yìn 60 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sílẹ̀, kò sì tó ìdá 1 nínú 100 lọ́dún. Ìgbé ayé ló ń yí padà kó tó dìgbà yẹn. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà ti ń dá ọ̀kadà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ń gún iyán fúnra rẹ̀ ti ní ẹni tó ń bá a gún un. Òkèlè kò sì kéré sí ti àtẹ̀yìnwá.

Ohun mìíràn tún ń lọ lábẹ́ aṣọ. Ẹran ara tí a fi ń dìde, tí a fi ń gbẹ́rù, ń dín kù láti nǹkan bí 30 ọdún, ó sì ń yára sí i lẹ́yìn 60. Ẹsẹ̀ ló ń pàdánù rẹ̀ ju apá lọ. Ọ̀rá lè gba ipò rẹ̀ kí òṣùwọ̀n má sì mì rárá. Ẹni tó ń gun òṣùwọ̀n lójoojúmọ́ lè máa yọ̀ pé òun kò sanra, òun kò rù, kó má sì lè dìde lórí àga mọ́ láìfọwọ́ ti nǹkan. Ìbéèrè tó yẹ kí àgbà máa bi ara rẹ̀ ni pé: báwo ni itan?

Ní ti ebi, bí ènìyàn bá sáré tàbí gun òkè títí tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ, ebi máa ń sá fún un fúngbà díẹ̀. Èròjà tí ikùn fi ń ránṣẹ́ ebi sí ọpọlọ, ghrelin, á lọ sílẹ̀, àwọn tó ń kéde pé ikùn ti yó á sì gòkè. Kì í pẹ́ tí yóò fi kọjá, tí ebi yóò sì padà dé. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyẹn, ó sì bí ẹ̀sùn tí àwọn olùgbọ́ ètò ìlera máa ń mú wá lemọ́lemọ́: “Mo ń rìn lárààárọ̀, n kò sì fọn.” Ìrìn ìdajì wákàtí kì í sábà ju 100 sí 150 kálórì lọ, ike ẹlẹ́rìndòdò kan lè tó 200. Ẹgbẹ́ tó bá rìn yípo àdúgbò ní òwúrọ̀ Sátidé, tó wá fi àkàrà àti ẹlẹ́rìndòdò tú ká, ti gba ohun tó ná padà tèlé tèlé. Kí wọ́n máa rìn o. Omi ni kí wọ́n fi tú ká.

Dennis Villareal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ̀ lé àgbà 107 tí wọ́n sanra jù, tí wọ́n ti pé 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún ọdún kan. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011. Àwọn tó ṣe eré ìdárayá nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ má fọn. Àwọn tó dín oúnjẹ kù nìkan pàdánù ìdá 10 nínú 100 ìwọ̀n wọn, ẹran ara sì bá a lọ. Àwọn tó pa méjèèjì pọ̀ pàdánù ìdá 9. Ẹran ara tiwọn tó lọ kò tó ti àwọn tó kàn ń febi panú, àwọn ni ara wọn sì gbé kánkán jù níkẹyìn. Lójú òṣùwọ̀n, àwọn tó febi panú ló borí. Báwo ni itan?

Àwọn àgbà kan wà tí oúnjẹ kì í wù jẹ mọ́ rárá. Oúnjẹ ń pẹ́ nínú ikùn wọn, yíyó ń tètè dé, imú àti ahọ́n kò mọ òórùn àti adùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọn kò jẹun, wọn kò lágbára láti rìn; wọn kò rìn, ebi kò pa wọ́n. Ohun tí mọ̀lẹ́bí máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n ra oògùn tó ń múni jẹun, kí wọ́n po mílíìkì tó ki. Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ wò pẹ̀lú arúgbó 100 ní ilé ìtọ́jú kan ní Boston, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1994. Ọjọ́ orí wọn jẹ́ 87 ní ìpíndọ́gba. Fún ọ̀sẹ̀ 10, àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ ti ẹrù wíwúwo, àwọn kan ń mu ohun mímu aṣaralóore, àwọn kan ń ṣe méjèèjì, àwọn tó kù kò ṣe ìkankan. Agbára ẹsẹ̀ àwọn tó ń ti ẹrù ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó ń ti ẹrù, tí wọ́n sì tún ń mu ohun mímu náà, nìkan ni àpapọ̀ oúnjẹ wọn pọ̀ sí i ní tòótọ́. Itan ló ṣínà fún ẹnu.

Ìfẹ́ ọmọ wà lára ohun tó ń ba itan àgbà jẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ìyá fẹ́ dìde lọ bu omi, wọ́n á ní, “Ẹ jókòó, Màmá, kí la wà fún?” Bàbá fẹ́ jáde, ọmọọmọ ti gbé bàtà, fóònù àti oúnjẹ wá bá a lórí àga. Àpọ́nlé ni, ṣùgbọ́n bó bá ti di tojoojúmọ́, itan á gbẹ, ebi á sì bá a lọ. Kí wọ́n jẹ́ kí ìyá ṣa ẹ̀fọ́, kó rìn dé ìsọ̀ aláta kó sì bọ̀. Kí bàbá máa fẹsẹ̀ rìn lọ síbi ayò. Ẹni tó ti jókòó láti àárọ̀ kò lè fi tinútinú jẹun ọ̀sán, kí wọ́n yé bá a jà lórí abọ́.

Òkèlè nìkan kò lè gbé itan ró. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ dámọ̀ràn oúnjẹ amúaradàgbà tó tó gíráàmù 1 sí 1.2 lójúmọ́ fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí àgbà bá wọ̀n. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6. Àgbà tó ń bu ẹja inú ọbẹ̀ fún ọmọọmọ, tó wá fi omi ọbẹ̀ jẹ àmàlà, itan ara rẹ̀ ló ń fi tọrẹ. Ẹyin, ẹja, mọ́ínmọ́ín, wàrà: kí ọ̀kan máa wà nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń yọ lẹ́nu gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà.

Ìtọ́sọ́nà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2020 ní kí ẹni tó ti pé 65 máa rìn tàbí ṣe ohun tó jọ ọ́ fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kó sì ya ọjọ́ 2, ó kéré tán, sọ́tọ̀ fún ohun tó ń fún iṣan lágbára. Ọjọ́ 2 yẹn ni ọ̀pọ̀ ń fò. Kò gbówó: àga tó le, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri, kí ènìyàn ká apá mọ́ àyà, kó dìde, kó tún rọra jókòó, títí itan yóò fi gbóná. Ẹni tí kò tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀ lè fọwọ́ ti àga ní ìbẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ bí àgbà tí kò mọ̀ọ́mọ̀ fọn bá pàdánù ìdá 5 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ láàárín oṣù 6 sí 12, bíi kìlógíráàmù 3 lára 60, ilé ìwòsàn ló kàn. Ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ ẹ̀gbẹ, jẹjẹrẹ, ìbànújẹ́ ọkàn, eyín tó ń dunni tàbí oògùn tuntun lè wà nídìí rẹ̀, dókítà ni yóò sì wá a rí.