Àdéhùn Àkókò Láàrin Agbaṣẹ́ṣe àti Oníbàárà

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní agbègbè Fìdítì àti Ìlọrà

Gbogbo ọpẹ́ ń jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó ṣe òru ní ìbora fún ẹ̀dá, tí ó sì ṣe ọ̀sán ní àkókò wíwá ìjẹ-ìmu. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìlànà rẹ̀ títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé lórí kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijio. Ó kan télọ̀, bíríkìlà, káfíńtà, mẹkáníìkì, oníṣẹ́ iná, ẹni tí ń ṣe omi ẹ̀rọ àti ẹni tí ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Agbaṣẹ́ṣe ni gbogbo wọn. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé: nígbà tí ènìyàn bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, ṣé iṣẹ́ náà ni ó tà fún un, tàbí gbogbo ọ̀sán àti òru rẹ̀?

OHUN TÍ Ó Ń ṢẸLẸ̀

Kí ọ̀rọ̀ lè yé ènìyàn, ẹ fi ojú inú wo télọ̀ kan ní Ìlọrà nígbà tí ọdún Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Agbára rẹ̀ kò ju kí ó rán aṣọ 25 lọ, ṣùgbọ́n ó ti gba 40, nítorí pé ojú ń tì í láti kọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kò sọ ọjọ́ tí yóò dáwọ́ gbígba aṣọ dúró. Kò sọ agogo tí ó ń ti ṣọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ náà ni fóònù rẹ̀ kò ti sinmi mọ́. Wọ́n pè é nígbà tí ó ń ṣe àlùwàlá, wọ́n pè é nígbà tí ó jókòó ti oúnjẹ, wọ́n tún pè é ní agogo 11 alẹ́ láti béèrè ibi tí iṣẹ́ dé.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ó fi sùúrù dáhùn. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní òun ti gé aṣọ tí kò tíì tú kúrò nínú ọ̀rá. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó gbé fóònù fún ìyàwó rẹ̀ pé kí ó sọ pé òun kò sí nílé, bẹ́ẹ̀ ni ó jókòó tì í. Ní ọjọ́ keje, ó pa fóònù náà pátápátá. Nígbà tí aláṣọ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ariwo ta, àwọn ará àdúgbò sì jáde wá wòran.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe òpùrọ́ nígbà tí ó gba iṣẹ́. Àìsọ ààlà àkókò rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di òpùrọ́. Ààlà tí kò fi òótọ́ sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ó wá ń fi irọ́ sọ ní ìparí. Ó kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní irọ́, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ sì kọ́ irọ́ mọ́ iṣẹ́. Ẹ kò sì gbàgbé pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka irọ́ pípa àti àdéhùn yíyẹ̀ mọ́ àmì tí a fi ń mọ munáfíkì. Èyí ni ó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, tí kò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ òwò nìkan.

BÍ Ó ṢE WÀ TẸ́LẸ̀

Kí fóònù alágbèéká GSM tó dé Nàìjíríà ní ọdún 2001, tẹlifóònù tí ó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ, ọ́fíìsì àti ilé àwọn ènìyàn ńlá ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà. Ẹni tí ó bá ń wá bíríkìlà ní Fìdítì yóò fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òru, ìtìjú yóò dá a dúró. Bí ilẹ̀kùn bá ti wà ní títì, yóò padà. Òkùnkùn, ọ̀nà jíjìn àti ilẹ̀kùn ni ó ń bá oníṣẹ́ sọ ààlà rẹ̀. Nígbà tí fóònù wọlé, ó mú ìrọ̀rùn wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbé àwọn alóre mẹ́ta yìí lọ. Láti ìgbà náà, bí oníṣẹ́ kò bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kò sí ohun mìíràn tí yóò bá a sọ ọ́.

Ìsọ̀rọ̀ àkókò pàápàá kì í ṣe àṣà òyìnbó. Ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ àgbàṣe oko ní ilẹ̀ Yorùbá, iye ebè tí yóò kọ ni wọ́n ń dá fún un. Bí ebè bá pé, ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó di ilé. Ìwọ̀fà pàápàá, tí ó fi iṣẹ́ ara rẹ̀ dúró nítorí owó tí ó yá, kì í fi gbogbo ọjọ́ rẹ̀ sin olówó. Bí ó bá ti ṣe ìwọ̀n tí wọ́n dá fún un tán, oko tirẹ̀ ni ó ń lọ. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó gbé ní Ọ̀yọ́, sọ nípa ètò ìwọ̀fà yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921. Bí ẹni tí ó jẹ gbèsè bá ní àkókò tirẹ̀, báwo ni ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, tí ó kàn gba iṣẹ́ ṣe, kò ṣe ní í ní?

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN FI LÉLẸ̀

Èkíní: Nínú Súrà Nur, ẹsẹ 58, Ọlọ́hun dárúkọ àkókò mẹ́ta tí ó jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀ ènìyàn: ṣíwájú ìrun Àsùbáà, ọ̀sán gangan nígbà tí a bá bọ́ aṣọ sílẹ̀, àti ẹ̀yìn ìrun Ìṣáì. Ọmọdé inú ilé àti ìránṣẹ́ tí ń wọlé tí ń jáde gbọ́dọ̀ tọrọ àyè ní àkókò wọ̀nyí. Bí ọmọ ẹni bá gbọ́dọ̀ tọrọ àyè, kí ni ti oníbàárà?

Èkejì: Nínú Súrà kan náà, ẹsẹ 28, ìtọ́sọ́nà wà pé bí wọ́n bá ní kí ẹni tí ó wá sí ilé onílé padà, kí ó padà, èyí ni ó mọ́ jù fún un. Ànábì sì fi kọ́ni pé ìgbà mẹ́ta ni kí a tọrọ àyè. Bí a kò bá rí ìdáhùn, kí a máa lọ. Abu Musa al-Ash'ari ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà Umar nígbà tí Umar jẹ́ olórí gbogbo Mùsùlùmí tí iṣẹ́ sì dí i lọ́wọ́. Ó tọrọ àyè lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbọ́ ohùn, ó padà sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn ni fóònù jẹ́ lónìí. Ẹni tí ó bá pe télọ̀ lẹ́ẹ̀mejìlá léraléra ń gbá ilẹ̀kùn onílé lóru ni, bí kò tilẹ̀ kúrò lórí ibùsùn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: Ẹ wo àdéhùn Ànábì Musa pẹ̀lú àgbàlagbà Mádíyánì, nínú Súrà Qasas, ẹsẹ 27 àti 28. Ọdún mẹ́jọ ni iṣẹ́ tí wọ́n dá. Bí Musa bá sọ ọ́ di mẹ́wàá, láti inú oore rẹ̀ ni. Àgbàlagbà náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò fẹ́ ni ín lára. Musa náà sì fèsì pé èyíkéyìí nínú méjèèjì tí òun bá ṣe, kí wọ́n má ṣe ka ẹ̀sùn sí òun lọ́rùn. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún agbaṣẹ́ṣe. Ohun tí ó bá wà nínú àdéhùn, gbèsè ni. Ohun tí ó bá ju àdéhùn lọ, oore ni. Ẹni tí a ṣe oore fún kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ipá gbà á.

Ẹ̀kẹrin: Nígbà tí Salman rí i pé Abu Darda ń fi ààwẹ̀ ọ̀sán àti ìrun òru gbàgbé ìyàwó rẹ̀, ó kìlọ̀ fún un pé Olúwa rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ará ilé rẹ̀ náà sì ní ẹ̀tọ́, kí ó fún olúkúlùkù ní tirẹ̀. Ànábì sì jẹ́rìí pé òótọ́ ni Salman sọ. Bí ìjọsìn kò bá gbọdọ̀ jẹ ẹ̀tọ́ ìyàwó àti ọmọ run, ṣé agbádá oníbàárà ni yóò jẹ ẹ́ run?

Àwọn orílẹ̀-èdè ayé náà ti ń rí ọgbọ́n yìí. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017 ni òfin ilẹ̀ Faransé ti sọ pé kí ilé-iṣẹ́ ńlá àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ jíròrò lórí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ láti pa fóònù iṣẹ́ tì lẹ́yìn iṣẹ́. Ọsirélíà ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024. Ní Nàìjíríà, òfin iṣẹ́ ti ọdún 1974 fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje, ó sì fi wákàtí iṣẹ́ sílẹ̀ fún àdéhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kan ṣoṣo ni òṣìṣẹ́ ní. Télọ̀ Ìlọrà ní ogójì. Kò sí agbófinró tí yóò dúró ti fóònù rẹ̀. Àdéhùn tí ó bá ṣe ni òfin rẹ̀.

Ẹ̀RÙ TÍ Ń BA ONÍṢẸ́

Oníṣẹ́ yóò sọ pé bí òun kò bá gbé fóònù lóru, oníbàárà yóò lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe asán, pàápàá ní ìlú kékeré. Oníbàárà lè jẹ́ àna, ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá ẹni, ó lè jẹ́ àgbà tí ń jókòó ní sàfù àkọ́kọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Ó ṣòro láti dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóhùn pé kò sí àyè. Ṣùgbọ́n kí oníṣẹ́ ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa. Oníbàárà tí wọ́n ní kí ó padà wá ní àárọ̀ lè bínú fún ọjọ́ kan. Oníbàárà tí wọ́n parọ́ fún lẹ́ẹ̀mẹta kì í padà wá mọ́, yóò sì sọ fún ẹlòmíràn.

Ọ̀NÀ ÀBÁYỌ

1. Ìgbà tí owó àsansílẹ̀ kò tíì bọ́ sí ọwọ́ ni kí a sọ̀rọ̀ àkókò. Kí oníṣẹ́ sọ agogo tí ó ń ṣí, agogo tí ó ń tì, ọjọ́ tí kì í ṣiṣẹ́ àti wákàtí ìrun Jímọ̀. Súrà Baqarah, ẹsẹ 282, ti kọ́ Mùsùlùmí láti máa kọ àdéhùn gbèsè sílẹ̀. Ìlà méjì lórí rìsíìtì tó fún èyí, pẹ̀lú pátákó kékeré lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

2. Kí oníṣẹ́ ṣe ohun tí ó sọ. Ẹni tí ó bá ní òun yóò pe oníbàárà ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ láti sọ ibi tí iṣẹ́ dé, tí ó sì pè é, kò ní í gbọ́ ìpè rẹ̀ lóru. Àìbalẹ̀-ọkàn ni ó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ oníbàárà máa pe ìpè-kúpè.

3. Kí a fi ọ̀rọ̀ tútù sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Kí a sọ pé: “Ẹ kú alẹ́, Àláájì. Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù lónìí, ẹ má bínú. Bí Ọlọ́hun bá jí wa ire, iṣẹ́ yín ni mo máa kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn ní agogo mẹ́jọ.” Kò sí àrífín nínú èyí, kò sì sí irọ́.

4. Kí a ya ọ̀ràn pàjáwìrì sọ́tọ̀. Waya tí ń ta iná, omi tí ń ya wọ ilé, ọkọ̀ tí ó gbé aláìsàn tí ó sì kú sójú ọ̀nà, òru kò gbọdọ̀ dí ìrànlọ́wọ́ wọ̀nyí lọ́wọ́. Gbígba ẹ̀mí là tóbi ju oorun lọ. Ṣùgbọ́n “mo kàn ní kí n mọ ibi tí ẹ dé” kì í ṣe pàjáwìrì. Bí iṣẹ́ òru bá ní owó tirẹ̀, ọ̀sán ni kí a ti sọ iye rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró kí ìdààmú bá oníbàárà kí ó tó dá owó lé e ti di arẹ́nijẹ.

5. Kí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ fi ohùn ṣọ̀kan. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹgbẹ́ tí ó lè dá owó ìránṣọ lè dá agogo ìtì-ṣọ́ọ̀bù. Bí gbogbo télọ̀ bá ń tì í ní àkókò kan náà, ẹ̀rù pé oníbàárà yóò lọ kò sí mọ́. Àwọn mẹkáníìkì lè pín òru láàrin ara wọn bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ṣe àáró, kí ẹnì kan máa dáhùn ìpè pàjáwìrì ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan kí àwọn yòókù sùn.

6. Kí ọ̀gá rántí ọmọ iṣẹ́. Ọ̀gá tí ó ń sá fún ìpè òru kò gbọdọ̀ rán ọmọ ọlọ́mọ jáde ní agogo mẹ́wàá alẹ́ dípò ara rẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ SÍ ONÍBÀÁRÀ

Ẹni tí ó jẹ́ oníṣẹ́ lónìí ni yóò di oníbàárà lọ́la. Kí ẹni tí ó fẹ́ wọ aṣọ Iléyá má ṣe gbé e wá ní ọjọ́ márùn-ún sí ọdún kí ó wá máa fi òru télọ̀ san gbèsè ìfi-nǹkan-falẹ̀ tirẹ̀. Kí ó san owó ní àsìkò; Ànábì ti ní kí a sanwó alágbàṣe kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Ẹni tí a jẹ lówó kì í lè sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin. Kí ó má sì fi “èmi ni mo mọ bàbá rẹ” gba ohun tí kò sí nínú àdéhùn.

ÀKÓTÁN

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ẹ fi ọ̀lẹ bo ara yín. Ẹ jí ní kùtùkùtù, ẹ ṣe iṣẹ́ yín dé ojú àmì, ẹ jẹ́ kí wákàtí tí ẹ ṣèlérí jẹ́ ti oníbàárà ní kíkún. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọkàn tí ó mọ́, kí ẹ fún Olúwa yín, ara yín àti ará ilé yín ní ẹ̀tọ́ wọn. Oníṣẹ́ tí ó sọ òótọ́ nípa àkókò rẹ̀ ní àárọ̀ kò ní í wá irọ́ tí yóò pa ní alẹ́.

Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí Ó fi òtítọ́ sí ahọ́n wa, kí Ó sì ṣe oorun wa ní ìsinmi. Àmín.