Ọkọ̀ Tí À Ń San Díẹ̀díẹ̀: Ibo Ni Ká Ti Máa Tún Un Ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣù

   

Àwọn tí kò ráyè wá sí ìpàdé ló ní ká tẹ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ẹgbẹ́, kí ó lè dé ọwọ́ wọn. Ẹni tí kò bá lè kà á, kí ó fún ọmọ rẹ̀ kó kà á sí i létí. Ọ̀rọ̀ owó ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Gbogbo wa mọ̀ pé láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, owó tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń gbà lórí ẹrù wa kò jẹ́ kí èrè ó hàn mọ́. Ìyẹn ló mú kí púpọ̀ nínú wa sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká kúkú ní ọkọ̀ tiwa." Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ti wọ́n. Ta ló fẹ́ kó owó rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan? Bẹ́ẹ̀ la ṣe bọ́ sí háyà-pọ́ṣéèsì, gbà-kó-o-máa-san-díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan gba kòrópe fún ọmọ wọn, àwọn kan gba kẹ̀kẹ́ márúwá, àwọn kan gba bọ́ọ̀sì akẹ́rù. Kò burú. Ohun tí a kì í bi ara wa ni pé: ta ni yóò máa bá wa tún ọkọ̀ náà ṣe títí a ó fi san owó rẹ̀ tán?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara tiwa, nítorí àgbà tó bá fẹ́ báni wí, kó kọ́kọ́ sọ ẹ̀bi tirẹ̀.

Ẹ rántí bọ́ọ̀sì akẹ́rù tí ẹgbẹ́ gbà. Tòkunbọ̀ ni. Àwa alákòóso la lọ kọ́wọ́ bọ ìwé. Ẹni tó gbé ọkọ̀ fún wa sọ pé mẹkáníìkì tòun nìkan la gbọ́dọ̀ máa lò, a ní kò burú. A ò ka ìwé náà délẹ̀. Inú wa ń dùn pé a rí ọkọ̀, ojú wa wà lára ọkọ̀, kò sí lára ìwé. Ìgbà tó yá la rí i pé Èkó ni ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì ọ̀hún wà. Ká kàn fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, ọkọ̀ á lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, àwọn pààrọ̀ bírékì, a ò sì ní rí èyí tí wọ́n yọ. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fi wà níbẹ̀, kò pa kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n owó ọ̀sẹ̀ kò dúró dè wá.

Inú bí wa. A gbé ọkọ̀ kúrò níbẹ̀, a gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó wà nítòsí, torí pé owó rẹ̀ kéré. A ò bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa rẹ̀. Ọ́ìlì tó ń bù sí i, inú kẹ́ẹ̀gì ló ti ń bù ú, a ò mọ ibi tó ti rà á. Omi ẹ̀rọ lásán ló ń dà sí radiétọ̀. A ò gba rìsíìtì kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ju oṣù mẹ́rin lọ, ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì nínú gósílóò Mowé, ẹrù yín sì wà nínú rẹ̀. Ìyá wa kan ní agbọ̀n tòmátì mọ́kànlá níbẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ béèrè ohun tí òòrùn fi tòmátì ṣe lọ́jọ́ náà.

Ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, a sì jẹ owó ọ̀sẹ̀ méjì. Ni ẹni tó ni ọkọ̀ bá dé. Ó ní a ti da àdéhùn, torí a kò lo mẹkáníìkì òun, pé òun ń bọ̀ wá gbé ọkọ̀ òun. Ọkọ̀ tí a ti san jù ìdajì owó rẹ̀ lọ dáadáa! Àyà wa já. Ọlọ́run ló fi ọmọ ọ̀kan nínú wa ṣe lọ́yà. Ọmọ náà gba ìwé, ó jókòó, ó kà á láti òkè délẹ̀, ó sì là wá lóye. Ohun tó sọ fún wa ni a fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́.

Òfin kan wà ní orílẹ̀-èdè wa, Òfin Háyà-Pọ́ṣéèsì ti ọdún 1965. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Iyekíye tí ọkọ̀ bá jẹ́, òfin yìí mú un. Ẹ gbọ́ ohun mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀.

Èkínní, kí àdéhùn tó wáyé, ẹni tó ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ iye tí ọkọ̀ náà jẹ́ sínú ìwé fún ọ bí o bá fẹ́ fi owó lẹ́ẹ̀kan rà á, kí o lè mọ iye tó gbé lé e. Àdéhùn náà gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀, kí o fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó.

Èkejì, èyí tó kàn wá jù: bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé pé dandan ni kí o lo mẹkáníìkì kan pàtó, tàbí inṣọ́ránsì kan pàtó, tí kì í ṣe ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ yàn án, òfin ní asán ni gbólóhùn yẹn. Ìwọ tó ń san owó ló ni yíyàn. A ò mọ èyí nígbà tí a fi ń gbé ọkọ̀ lọ sí Èkó lósoosù.

Ẹ̀kẹta, bí o bá ti san tó ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún gbogbo owó ọkọ̀, olówó kò lè ṣàdédé wá wọ́ ọ lọ mọ́, àfi kó gba ilé ẹjọ́. Ká ní mílíọ̀nù 5 náírà ni gbogbo owó náà, pẹ̀lú àsansílẹ̀, bí o bá ti san mílíọ̀nù 3, o ti dé ibẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀kẹta ṣe agídí o. Bí sísan ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá kọjá tí o kò san, òfin gbà kí olówó gbé ọkọ̀ lọ síbi ìpamọ́ kó má bàa bàjẹ́, títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá ẹjọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì la jẹ. Ìyẹn ló gbà wá.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ìwé kan yàtọ̀ sí èkejì. Bí ó bá jẹ́ báńkì ló yá ọ lówó tí o fi ra ọkọ̀, tàbí tí ìwé sọ pé ṣe ni o ń háyà ọkọ̀ náà lásán, òfin yìí lè má dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ̀wé fi gbọ́dọ̀ bá ọ kà á kí o tó fọwọ́ sí i.

Ẹ lè wá sọ pé, "Akọ̀wé, ṣé ẹ wá jàre nìyẹn?" A jàre, a sì jẹ̀bi. Ọkọ̀ kò lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí olówó bi wá pé kí la fi hàn pé a tọ́jú ọkọ̀ náà, a ò ní bébà kan ṣoṣo lọ́wọ́. Òfin fún wa láyè ká yan mẹkáníìkì tó wù wá. Kò fún wa láyè ká ba ọkọ̀ tí a kò tíì san tán jẹ́. Àpò ẹgbẹ́ la fi tún ẹ́ńjìnnì ṣe, owó tí a ti tù jọ láti fi ṣe òrùlé ìsọ̀. Ìyá olótòmátì, a ti san ìdajì owó wọn, ìdajì ṣì wà lọ́rùn wa. Ẹ̀bi àwa alákòóso ni. A tọrọ àforíjì, a ó sì san án tán.

Ó dáa. Báwo ni ká ṣe wá yan ibi tí a ó ti máa tún ọkọ̀ ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ wo irú ọkọ̀ tí ẹ gbà. Bí ó bá jẹ́ tuntun pátápátá tó ní wáráńtì, ẹ béèrè ohun tó lè ba wáráńtì náà jẹ́. Ó lè ṣe yín láǹfààní kí ẹ lo ibi iṣẹ́ ẹni tó tà á títí ọjọ́ wáráńtì á fi pé, bí ó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀. Tòkunbọ̀ tí kò ní wáráńtì, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ lọ wo ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì fúnra yín, ẹ má rán dírẹ́bà nìkan. Ṣé irú ọkọ̀ yín wà níbẹ̀ tó ń tún ṣe? Ṣé ó ti pẹ́ níbẹ̀ àbí àná ló dé? Ṣé ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, NATA, tí a fi lè rí alága rẹ̀ bí ìjà bá dé? Ẹ bi àwọn awakọ̀ ní gáréèjì, wọ́n mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń purọ́. A ò sọ pé mẹkáníìkì abẹ́ igi kò dáa o. Ọ̀pọ̀ wọn mọ iṣẹ́ ju àwọn tó wà nínú ilé aláwọ̀ lọ. Ẹni tí a kò bá bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa rẹ̀ ni ká sá fún.

Ẹ yàtọ̀ iṣẹ́ kékeré sí iṣẹ́ ńlá. Ọ́ìlì, fílítà, púlọ́ọ̀gì àti bírékì, ẹ wá ẹni tó wà nítòsí, ní Ìbafò tàbí Mowé tàbí Ìfọ̀, kí ọkọ̀ lè padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ́ńjìnnì, gíà àti wáyà, ẹni tó mọ ọ́n ni kí ẹ gbé e lọ bá, bó bá jìnnà. Ọkọ̀ òde òní ní kọ̀ǹpútà nínú. Mẹkáníìkì tí kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ṣe ni yóò máa méfò, owó yín ni yóò sì fi máa méfò. Bí olówó bá ti de tírákà mọ́ ọkọ̀, ẹ sọ fún réwáyà kó tó fọwọ́ kan wáyà kankan.

Ẹ mọ ọ̀nà tí ọkọ̀ yín ń rìn. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tó gba Ìbafò àti Mowé kọjá, gósílóò ni, pàápàá ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù tí èrò ń lọ sí Rìdẹ́ḿṣọ̀n. Ẹ́ńjìnnì á máa gbóná lójú kan. Ojúlówó omi radiétọ̀ ni kí wọ́n lò níbẹ̀. Ní ìhà Ìfọ̀, eruku ni àti kòtò, àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì Ewékorò náà ń fọ́ ọ̀nà. Fílítà afẹ́fẹ́, bírékì àti abẹ́ ọkọ̀ ni ìyà ń jẹ jù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní bíi kìlómítà 5,000, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń ru ẹrù nínú gósílóò àti eruku kò yẹ kó dúró tó bẹ́ẹ̀. Láràárọ̀, kí dírẹ́bà fa ọ̀pá ọ́ìlì wò kó tó tan ọkọ̀.

Bí ẹ bá ń ra sípéà páàtì, ẹ bá mẹkáníìkì lọ, ìbáà ṣe Ládìpọ̀ ní Mushin. Àwa tí à ń fi ojú mọ gààrí Ìjẹ̀bú yàtọ̀ sí òmíràn, kí ló dé tí a kò ní fi ojú wa rajà ọkọ̀? Kí wọ́n ṣí agolo ọ́ìlì lójú yín. Èyí tí wọ́n bá yọ, ẹ gbà á, ẹ gbé e lọ sílé.

Ẹ ra ìwé ńlá kan. Ọjọ́ tí ẹ ṣe ọkọ̀, iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ohun tí wọ́n ṣe, iye tí wọ́n gbà, orúkọ mẹkáníìkì. Ẹ so rìsíìtì mọ́ ọn, pẹ̀lú rìsíìtì owó ọkọ̀ tí ẹ ń san, kí ẹ fi wọ́n sínú ọ̀rá kan náà. Bí a bá ní ìwé yìí ni, òrùlé ìsọ̀ ì bá ti wà lórí wa lónìí.

Ẹ̀yìn èyí, ẹ máa yọ díẹ̀ nínú owó ojúmọ́ ọkọ̀, kí ẹ dá a fún alájọ fún sáfíìsì nìkan. Ẹ má fọwọ́ kàn án fún aṣọ ẹbí.

Ẹni tí wọ́n bá ń fi ìwé dẹ́rù bà, kó má dá nìkan sunkún. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà wà, FCCPC. Àjọ Legal Aid Council náà wà fún ẹni tí kò lówó lọ́yà.

Ìpàdé ti fẹnu kò lórí ohun méjì. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá fẹ́ gba ọkọ̀, kó mú ìwé rẹ̀ wá sí ìpàdé kó tó fọwọ́ sí i. A ó bá a kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Èkejì, ìlú kọ̀ọ̀kan yóò mú orúkọ mẹkáníìkì tí ó kéré tán ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta lè jẹ́rìí sí wá, a ó kọ ọ́ sínú ìwé kan lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ẹni tó bá ṣe màgòmágó, a ó yọ orúkọ rẹ̀.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Gbèsè ọkọ̀ kò ní jẹ ìsọ̀ wa run, ọkọ̀ wa kò ní kọṣẹ́ lójú ọ̀nà, a ó san án tán, a ó sì jẹ èrè rẹ̀.