Bí Ara Bá Rọ Olùkọ́, Ọmọ Yóò Mọ̀wé

Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí a pèsè fún kíkà ní àwọn yàrá ìkàwé abúlé

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kan gbogbo agbo ilé tí ó ní ọmọ ní ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ náà ni àlàáfíà ọmọ àti àlàáfíà olùkọ́ nínú kíláàsì.

Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa wo ilé-ìwé láti òde. Bí òrùlé rẹ̀ kò bá jò, tí àga wà níbẹ̀, tí a sì ti ra ìwé fún ọmọ, a rò pé iṣẹ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ebi ń pa, ọmọ tí ẹ̀rù ń bà, ọmọ tí kò sùn lóru, kò lè gbọ́ ohun tí a ń kọ́ ọ, bí ìwé rẹ̀ ti wù kí ó pọ̀ tó. Olùkọ́ tí ara kò rọ̀, tí ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀, kò lè kọ́ni dáadáa, bí ìmọ̀ rẹ̀ ti wù kí ó jinlẹ̀ tó. Àwọn méjèèjì ni ó jọ wà nínú yàrá kan láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Ohun tí ó bá ń ṣe ọ̀kan kò ní ṣàì kan èkejì.

Ilẹ̀ wa ti ṣe gudugudu méje nípa ẹ̀kọ́. Ní oṣù Keje ọdún 1952, Olóyè S. O. Awókòyà, tí í ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, gbé ìlànà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ètò náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè náà ní ọdún 1954 tó nǹkan bí 457,000. Nígbà tí ó fi di ọdún 1955, iye wọn ti kọjá 811,000. Ohun ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n a lè fi oṣù díẹ̀ kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. A kò lè fi oṣù díẹ̀ sọ ènìyàn di olùkọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó dúró níwájú kíláàsì nígbà náà ni kò tí ì kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, àwọn ni ọmọ sì rọ́ dé bá.

Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1999, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ kalẹ̀, òfin rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2004: ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún 3 ní ìpele kékeré ilé-ẹ̀kọ́ girama, láìgba owó. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè sọ pé kí ọmọ tí olùkọ́ kan yóò máa kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ má ṣe ju 35 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé-ìwé abúlé mọ̀ pé níbòmíràn, olùkọ́ kan ṣoṣo ni ó ń di kíláàsì méjì mú. A ti ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ. Ó kù kí a rí i pé inú ilé náà tura fún un, àti fún ẹni tí ń kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ọmọ. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ní ọdún 2012, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ní ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ fún àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n oúnjẹ ọ̀sán kò lè ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òwúrọ̀. Ògì àti àkàrà, tàbí iṣu sísè díẹ̀ pẹ̀lú epo, tó láti gbé ọmọ dé ọ̀sán. Ẹ rántí aràn pẹ̀lú. Irú èyí tí ń mu ẹ̀jẹ̀ a máa gba àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ wọlé láti inú ilẹ̀ tí a ti yàgbẹ́ sí. Ọmọ tí ó ní in lára a máa rẹ̀, a sì máa tòògbé ní kíláàsì, a ó sì rò pé ọ̀lẹ ni. Bàtà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti oògùn aràn láti ilé ìtọ́jú ni ìdáhùn rẹ̀, kì í ṣe ẹgba.

Oorun náà jẹ́ oúnjẹ fún ọpọlọ. Ní ọdún 2016, àwọn oníṣègùn tí ó mọ̀ nípa oorun ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ gbangba pé ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́, ọmọ ọdún 13 sí 18 sì nílò wákàtí 8 sí 10. Ẹ fi èyí wé ọmọ tí ó kiri ọjà títí ilẹ̀ fi ṣú, tí ó sì tún jí kí àkùkọ tó kọ láti lọ pọnmi. Ẹ fi í wé ọmọ tí ń tẹ fóònù lábẹ́ aṣọ ìbora títí di ọ̀gànjọ́ òru. Kí ni olùkọ́ fẹ́ kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní agogo mẹ́jọ àárọ̀?

Àwọn ọmọ kan wà tí àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní sickle cell ń bá fínra, èyí tí í máa jẹ́ kí egungun ro wọ́n. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní láti máa mu omi nígbà gbogbo, kí a sì jẹ́ kí ó jáde lọ tọ̀ nígbàkúùgbà tí ó bá tọrọ àyè. Kò gbọdọ̀ pẹ́ nínú òjò tàbí òtútù, kò sì yẹ kí a fi oko ríro nínú oòrùn jẹ ẹ́ níyà. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún olùkọ́ nítorí ìtìjú. Olùkọ́ tí kò bá mọ̀ lè ṣe ọmọ náà léṣe láìfẹ́.

Ìrora mìíràn kò sí nínú ara rárá. Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí ọmọ tí ó máa ń ṣeré bá dákẹ́ lójijì, bí inú bá ń run ún ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí ẹni tí ó ti kọjá títọ̀ sórí ẹní bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ọ́, ẹ má ṣe lù ú. Ẹ mú un jókòó, kí ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í léèrè. Ó lè jẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó lè jẹ́ pé àgbàlagbà kan ń ṣe é ní ibi.

Èyí mú mi dé orí ọ̀rọ̀ pàṣán. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra: bẹ́ẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà níbi púpọ̀, bílálà nìkan ni ó kù. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ọmọ ní iyì tirẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ hùwà ìkà sí i tàbí tẹ́ ẹ. Yàtọ̀ sí òfin, ẹ wò ó pẹ̀lú làákàyè: ọmọ tí ó ń wo ọwọ́ tí ó gbé ẹgba kò lè wo pátákó ìkọ̀wé. Yóò há ìdáhùn sórí títí ewu yóò fi kọjá, yóò sì gbàgbé rẹ̀.

Kíláàsì tí kò sí ìbẹ̀rù nínú rẹ̀ kì í ṣe àlá. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn yòókù. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Ọmọ tí ó gbọ́ ohun tí a ń sọ a máa béèrè ìbéèrè, olùkọ́ rẹ̀ kò sì ní láti pariwo.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a yíjú sí olùkọ́. A ti máa ń sọ pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ayé ni olùkọ́ ti ń ra gàrí. Ẹlòmíràn ń wọ ọ̀kadà láti ìlú wá ní ojoojúmọ́, owó ọkọ̀ sì ti jẹ nínú owó oṣù rẹ̀ kí oṣù tó parí. Ní àwọn ibì kan ọ̀nà fúnra rẹ̀ ti di ẹ̀rù: ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ní Emùré-Èkìtì, àwọn ajínigbé kó àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ nínú ọkọ̀ tí ó ń gbé wọn lọ sílé, kí a tó dá wọn sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí ń ronú bí yóò ti délé kò lè fi gbogbo ọkàn kọ́ ìṣirò.

Òfin àpapọ̀ ti ọdún 2022 fún olùkọ́ láǹfààní láti ṣiṣẹ́ títí di ẹni ọdún 65, tàbí títí yóò fi lo ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́. Ó dára, nítorí ọgbọ́n wà lọ́wọ́ àgbà. Ṣùgbọ́n àgbà nílò àga láti jókòó, omi láti mu, àti àyè láti lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò.

Kí ni ó wà ní ìkáwọ́ wa, láìdúró de ìjọba? Èkíní, kí abúlé wá yàrá tí ó mọ́, tí òrùlé rẹ̀ kò jò, fún olùkọ́ tí ó bá fẹ́ gbé àárín wa. Èkejì, kí àwọn ọdẹ àti ọ̀dọ́ máa ṣọ́ ọ̀nà ilé-ìwé ní àárọ̀ àti ní ọ̀sán. Ẹ̀kẹta, kí òbí tí inú ń bí má ṣe já wọ kíláàsì láti bú olùkọ́ níṣojú ọmọ. Kí ó lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé, tàbí kí ó gbé e wá sí ìpàdé òbí àti olùkọ́. Ẹ̀kẹrin, kí ọ̀gá ilé-ìwé pẹ̀lú má ṣe dójú ti olùkọ́ níwájú àwọn tí ó ń kọ́. Ẹ̀karùn-ún, kí ẹ̀yin olùkọ́ máa bi ara yín léèrè àlàáfíà. Ẹni tí ìdààmú ọkàn bá dé bá, kí ó sọ fún ẹnìkejì, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn; kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ni gbogbo ayé fi ń bu ọlá fún olùkọ́ láti ọdún 1994. Ìkíni baálẹ̀ ní ọjọ́ náà, pẹ̀lú iṣu bíi mélòó kan láti inú oko wa, kò lè sọ abúlé di aláìní.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Olùkọ́ wà lára igba ènìyàn náà, ṣùgbọ́n kò lè dá dúró fún gbogbo wọn. Kí ẹ tó tú ká, mo bẹ̀ yín kí ẹ yan ohun kan nínú márùn-ún tí mo kà sílẹ̀, kí ẹ sì yan ẹni tí yóò mójú tó o. Nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé ní ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀, kí olùkọ́ rí i pé nǹkan ti yí padà.