Ta Ni Yóò Máa Ṣọ́ Adágún?

Gbogbo wa tí a dàgbà ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ni a mọ ohun tí oṣù Ẹrẹ́nà máa ń fi ojú kànga rí. Ní ayé àwọn bàbá wa, odò tí ìlú ń mu ní òfin tirẹ̀: a kì í fọ aṣọ níbi tí a ti ń pọn omi. Ẹni tí ó bá rú òfin náà, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìlú á ti gbọ́. Ojú àwọn apọnmi ni ó ń ṣọ́ odò.

Lóde òní, omi púpọ̀ ti bọ́ kúrò lábẹ́ irú ojú bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo Kainji. Ní 1968 ni a parí sísé Odò Ọya níbẹ̀ nítorí iná mànàmáná. Ilẹ̀ Borgu, níbi tí adágún náà wà, jẹ́ ara Ìpínlẹ̀ Kwara wa títí di 1991. Ìlú Bussa àtijọ́ rì sínú omi, bí ènìyàn 44,000 sì ṣí kúrò ní ilé bàbá wọn.

Lọ́dọọdún ni omi yìí máa ń lọ sílẹ̀ tó nǹkan bí mítà 10, tí yóò sì tún kún. Nígbà tí ó bá fà sẹ́yìn, àgbẹ̀ a gbin nǹkan sí etí rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ìsédò, apẹja ń retí kí omi ṣàn dé ọ̀dọ̀ òun. Ẹni tí ó di ilẹ̀kùn omi mú ni ó mọ ọjọ́ tí yóò ṣí i. Òfin 2010 dá àjọ kan sílẹ̀ fún ire àwọn agbègbè tí ìsédò iná wà, Kwara sì wà nínú wọn. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n owó tí a fi tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe kò lè rọ́pò ojú tí ìbá ti rí i kí ó tó bàjẹ́.

Adágún Victoria kọ́ wa ní èyí. Ìsédò tí a parí ní Jinja, ní Uganda, ní 1954 ní àdéhùn: bí omi bá ga tó báyìí, báyìí ni a ó jẹ́ kí ó ṣàn lọ. Nígbà tí adágún náà lọ sílẹ̀ gidigidi láàrín 2004 sí 2006, ọ̀dá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn dá lẹ́bi. Ẹni tí ó ṣírò rẹ̀ ní 2006 rí i pé ó lé ní ìdajì àdánù náà tí ó ti ọwọ́ ìsédò wá, nítorí omi tí a tú sílẹ̀ ju àdéhùn lọ. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn adágún ààlà Amẹ́ríkà àti Kánádà, àdéhùn 1909 pàṣẹ pé kí ìgbìmọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ará ìlú kí ó tó ṣe ìpinnu.

Ẹnìkan lè wí pé, “Kí ni apọnmi mọ̀ nípa iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ?” Àwa kò bèèrè pé kí a gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìṣirò ni a ń bèèrè. Nítorí náà, níbikíbi tí ìlú bá ti ń mu omi adágún, kí a ri ọ̀pá tí a fín àmì sí mọ́lẹ̀ níbi tí gbogbo ojú yóò ti rí i. Kí a yan ènìyàn, àti ọkùnrin àti obìnrin, láti máa kà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ọjà. Kí a fohùn ṣọ̀kan nígbà òjò lórí ohun tí a ó dẹ́kun nígbà tí omi bá dé àmì kan. Àwa tí ń sọ̀rọ̀ yìí pàápàá jẹ̀bi: ìgbà tí ẹ̀rọ omi bá gbẹ nìkan ni a máa ń ké.

Ẹ rántí Èsìẹ́. Ní 1933 ni Ramshaw, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S., sọ fún ayé nípa àwọn ère òkúta ibẹ̀, a sì kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún wọn ní 1945. Kí ìjọba tó dé, ta ni ó ń ṣọ́ wọn? Ará Èsìẹ́ ni.

Àwọn àgbà ní omi kò ní ọ̀tá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣọ̀wọ́n, a máa sọ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá. Isaaki mọ̀ ọ́n: kànga méjì ni wọ́n bá a jà sí kí ó tó dé Rehoboti. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í ka omi wa nígbà tí ó ṣì wà.