Learie Constantine: Láti Orí Pápá Dé Iwájú Adájọ́



Bí a bá dárúkọ akọni nínú eré kírikẹ́ẹ̀tì, iye àmì tó gbà ni a máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ti Learie Constantine kò pọ̀ lọ títí: ìdíje orílẹ̀-èdè 18 ló gbá fún West Indies, àmì 635 ló fi pátákó gbà, ẹni 58 ló sì ju bọ́ọ̀lù lé kúrò lójú eré. Ohun tó fi òkìkí rẹ̀ ṣe lẹ́yìn pápá ni ọ̀rọ̀ mi lónìí.

Erékùṣù Trinidad ní West Indies ni wọ́n ti bí i ní 1901. Ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni. Lebrun bàbá rẹ̀, alábòójútó oko kòkó, náà gbá kírikẹ́ẹ̀tì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1929, ẹgbẹ́ Nelson, ní ìlú àwọn ahunṣọ ní Lancashire, gbà á síṣẹ́. Sáà mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀méje ni wọ́n gba ife líìgì. Ìlú tó kọ́kọ́ ń yọjú wò ó bí ohun àràmàǹdà wá di ìlú rẹ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe alábòójútó àwọn òṣìṣẹ́ West Indies ní agbègbè Liverpool. Ní oṣù Keje 1943, ó ń bọ̀ wá gbá kírikẹ́ẹ̀tì ní pápá Lord's. Ó gba yàrá fún òru mẹ́rin ní Imperial Hotel ní London, fún òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn. Ó ti béèrè ṣáájú bóyá àwọ̀ òun yóò dá ọ̀ràn sílẹ̀. Àwọn ará hòtẹ́ẹ̀lì ní rárá. Nígbà tí òun àti ẹbí rẹ̀ dé, wọ́n ní òru kan péré ni, kí inú má bàa bí àwọn ará Amẹ́ríkà tó wà níbẹ̀. Ẹ wò ó! Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba tó ń jagun!

Ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò, ó sì pè wọ́n lẹ́jọ́. Ibí ni mo ti rí ìgboyà rẹ̀ gan-an, nítorí kò sí òfin kankan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà tó dá ẹni tó bá fi àwọ̀ ya ènìyàn sọ́tọ̀ lẹ́bi. Òfin àtayébáyé ni àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ lọ hú jáde: ilé èrò gbọ́dọ̀ gba arìnrìn-àjò tó lówó lọ́wọ́, àyàfi bí ìdí tó gúnmọ́ bá wà. Ní 1944, adájọ́ Birkett dá a láre, ó ní kí wọ́n san gíní márùn-ún fún un. Owó kékeré ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ló bá dé ilé ẹjọ́. Àìmọye ènìyàn dúdú ni wọ́n ti lé lẹ́nu ọ̀nà ilé èrò láìsí ẹni tó gbọ́. Ti Constantine kún inú ìwé ìròyìn, nítorí Lancashire ti pàtẹ́wọ́ fún un.

Kò sì dákẹ́ lẹ́yìn náà. Ó di agbẹjọ́rò ní 1954, ó ṣe mínísítà ní Trinidad, ó sì di kọmíṣọ́nà àgbà rẹ̀ ní London. Ní 1963, nígbà tí iléeṣẹ́ bọ́ọ̀sì Bristol kọ̀ láti fi aláwọ̀ dúdú ṣe òṣìṣẹ́ inú bọ́ọ̀sì, ó bá wọn wí ní gbangba, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ ìjọba tó rán an. Òfin àkọ́kọ́ tó lòdì sí fífi àwọ̀ ya ènìyàn sọ́tọ̀ jáde ní Britain ní 1965, hòtẹ́ẹ̀lì sì wà lára ibi tó dárúkọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Constantine jókòó sínú ìgbìmọ̀ tó ń mú òfin náà ṣẹ.