Asẹ́ Tí A Kò Fi Ojú Rí: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére ní Ẹ̀pẹ́

Orí ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ ni a dúró sí, ìlú etí ọ̀sà tí ó gba Ọba Kòsọ́kọ́ mọ́ra nígbà tí èéfín àgbá àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní òpin ọdún 1851. Nítorí náà kì í ṣe àṣejù bí mo bá fi ọ̀rọ̀ èéfín dágbére fún yín, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ti fi ọdún márùn-ún gbáko kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà kẹ́míkà nínú ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó yìí.

Àwọn baba wa ní èéfín ni ìwà, pé bí ó ti wù kí a dì í mọ́ inú aṣọ tó, yóò rú jáde. Òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí èéfín igi àti ti koríko ni wọ́n mọ̀. Èéfín ayé òde òní ti kọ́ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Ẹ wo Egbin lẹ́bàá Ìjẹ̀dẹ́, ibùdó iná mọ̀nàmọ́ná tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985, tí ẹ̀rọ rẹ̀ mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní agbára mẹ́gáwáàtì 220, para pọ̀ jẹ́ 1,320: bí ẹ bá gbé ojú sókè wo ẹnu ihò èéfín rẹ̀, ẹ lè má rí ju ojú ọ̀run lọ, nítorí gáàsì a máa jó mọ́ ju igi lọ. Ṣùgbọ́n nínú iná tí ó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, níbikíbi tí a bá ti dá a, náítírójìn àti ọ́síjìn, àwọn méjì tí wọ́n ti ń gbé inú afẹ́fẹ́ kan náà láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé láìyọ ara wọn lẹ́nu, a máa so pọ̀ lójijì, ọmọ tí wọ́n bí a sì jáde lọ pàdé oòrùn, a di ohun tí ń ta ènìyàn ní ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tí ó wà lẹ́yìn fèrèsé yín náà ń ṣe é, ó sì tún ń pọ kábọ́ọ̀nù mònọ́ksáìdì, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ó ti mú odidi ìdílé sùn tí ilẹ̀ mọ́ tí wọn kò jí. Ní Ògijo, níbi tí ilẹ̀ Ìkòròdú àti ti Ìpínlẹ̀ Ògùn ti fi orí kan orí, wọ́n ń yọ́ òjé láti inú bátìrì ọkọ̀ àlòkù, eruku rẹ̀ sì ń wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn. Ní 2025 ni òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò ti ń ké tipẹ́.

Ẹ rántí ohun tí ó máa ń pa yín lẹ́rìn-ín nínú kíláàsì, nígbà tí mo bá ní àpọ́n ni àwọn ẹ̀yà kẹ́míkà tí ń yára bá nǹkan jà nínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fẹ́ràn láti máa gbé ní méjì-méjì bí tọkọtaya. Èyí tí ó bá ṣẹ́ ku òun nìkan kò ní ìsinmi, yóò gba ìyàwó oníyàwó, ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ yóò di àpọ́n tuntun, òun náà yóò sì gbéra. Báyìí ni ìjà kan ṣe ń di ogún. Ṣùgbọ́n ẹ má torí èyí kórìíra gbogbo wọn o. Ọ̀kan wà nínú wọn, háídírọ́ksìlì, tí ọjọ́ ayé rẹ̀ kì í sábà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, síbẹ̀ òun ni agbálẹ̀ ojú ọ̀run: òun ni ń bá mẹ́tẹ́ènì àti kábọ́ọ̀nù mònọ́ksáìdì fà á títí wọn yóò fi pòórá. Ọ̀rọ̀ àpọ́n kò tíì tán lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn ìyá kan ti ń wo ọmọkùnrin wọn lójú. Ẹ jẹ́ kí n kọjá.

Asẹ́ tí a lè fi kó èéfín ní ìjánu ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti ku gààrí rí mọ iṣẹ́ asẹ́: kì í pa nǹkan run, ó kàn mọ èyí tí yóò jẹ́ kí ó kọjá àti èyí tí yóò dá dúró. Síólàìtì ni asẹ́ tí a kò fi ojú rí. Ará Súwídìn kan, Axel Cronstedt, ni ó sọ ọ́ lórúkọ ní 1756, nígbà tí ó fi òkúta kan sínú iná, tí òkúta náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí omi ìkòkò, tí ó fi èdè Gíríìkì pè é ní òkúta tí ń hó. Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bí ìdajì ìpín kan ṣoṣo ni fífẹ̀ ẹnu ihò rẹ̀. Nínú ìdílé rẹ̀ ni èyí tí ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun; nínú rẹ̀ ni irú èyí tí ń fọ́ epo tí ó wúwo sí wẹ́wẹ́ ní ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, tí a ṣí ní oṣù karùn-ún 2023, tí a sì kọ́ fún àgbá epo 650,000 lójúmọ́; bí a bá sì fi bàbà sínú irú mìíràn, tí a fún un ní amóníà díẹ̀, yóò tú ìsopọ̀ náítírójìn àti ọ́síjìn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, yóò dá wọn padà di afẹ́fẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ àti omi. Amọ̀ sì lè jẹ́ ìyá rẹ̀! Amọ̀ funfun Kankara ní Katsina àti ti Ahoko ní Kogi, àwọn ọmọ Nàìjíríà ti sun ún, wọ́n ti pò ó mọ́ omi sódà, wọ́n ti gbé e sínú ooru, síólàìtì sì ti jáde.

Ibí ni mo wá fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Síólàìtì fẹ́ràn omi. Èyí tí wọ́n ń pè ní 13X, tí ìwé gbogbo ń yìn pé ó ń gba kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì mọ́ra, nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni wọ́n ti sábà ń wọn agbára rẹ̀; ẹ gbé e wá sí etí ọ̀sà yìí ní oṣù kẹfà, nígbà tí aṣọ tí a sá lánàá kò tíì gbẹ lónìí, ìrì ni yóò kọ́kọ́ wọlé, tí yóò jókòó sí gbogbo àga, tí kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì yóò sì dé bá ilé tí ó ti kún. Asẹ́ náà kò burú. A kò bi í léèrè ibi tí ó ń lọ ni. Ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin ọmọ Ìkòròdú, àwọn àgbà yín ní láti ara oko òdú ni ìlú yín ti gba orúkọ, òdú kì í sì í ṣe àìmọ̀ olóko: iye tí ẹ bá kà nínú ìwé, oko ẹlòmíràn ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ẹ tún un wọ̀n nínú afẹ́fẹ́ tiwa kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Ojú mi ti rí i. Nígbà tí mo wà ní ipò tí ẹ wà, mo fi oṣù mẹ́rin ṣe síólàìtì kan láti inú amọ̀, mo sì ń wọn ohun tí ó ń fà mọ́ra ní alẹ́, nítorí alẹ́ nìkan ni ẹ̀rọ máa ń ṣófo. Lónìí èsì dára, lọ́la ó bàjẹ́, títí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé pé amọ̀ wa kò ṣe é gbára lé. Bàbá ọlọ́dẹ kan, tí kò jókòó ní kíláàsì kẹ́míkà rí, ni ó bi mí pé, ṣé mo mọ̀ pé fèrèsé tí mo ń ṣí sílẹ̀ nítorí ooru, òun gan-an ni èéfín ẹ̀rọ amúnáwá ń gbà wọlé? Ojú ìwé náà wà lọ́wọ́ mi di òní. Mo máa ń fi han ẹni tí ó bá ń yára dá amọ̀ lẹ́bi.

Ó ku iṣẹ́ kan tí wọ́n rán mi sí yín. Lọ́jọ́ ọjà tí ó kọjá, mo dúró ra ẹja ní ọjà Olúwo, ìyá kan tí ń yan ẹja, tí ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí ata, bi mí pé kí ni àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ń kọ́ gan-an. Mo ní èéfín ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, láti ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fi imú jẹ ẹ́, ẹnì kan kò wá bi mí rí bí ó ti rí lẹ́nu. Ẹ ní kí wọ́n yà kí mi.” Mo ṣèlérí pé n ó jẹ́ iṣẹ́ náà níṣojú gbogbo yín, mo sì ti jẹ́ ẹ. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti etí omi, ọwọ́ ọ̀tún ni àdògán rẹ̀ wà. Ẹ kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà, ẹ ó rí èéfín rẹ̀.